Agẹmọ tí ọmọ onílé fi sílẹ̀: ojú rẹ̀ ti rì wọnú, kò jẹ, kò mu. Ẹ gbà mí o!

Aránṣọ_Òde | Sátidé, 9 Oṣù Karùn-ún, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ dákun, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe. Ọmọ onílé wa já lọ sí Kánádà láti oṣù Kejì. Ó fi agẹmọ kan sílẹ̀ nínú àgò ẹyẹ, ó ní kí àbúrò òun máa bá òun tọ́jú rẹ̀. Àbúrò náà gbàgbé. Lánàá tí mo lọ sá aṣọ lẹ́yìnkùlé ni mo rí àgò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi, lábẹ́ páànù ògbólógbòó. Mo rò pé ewé gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, àfi bí ojú kan ṣe yí wò mí.

Ara rẹ̀ dúdú bí èédú. Ojú méjèèjì ti rì wọnú. Egungun ẹ̀yìn yọ gọngọ. Okùn ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn ti gé wọ ara. Nínú àgò, abọ́ omi kan tí tanwíjí kún inú rẹ̀, àti búrẹ́dì tó ti bu. Búrẹ́dì o! Ta ló sọ fún wọn pé agẹmọ ń jẹ búrẹ́dì?

Mo fi síṣọ́ọ̀sì tí mo fi ń tú ojú ìrán aṣọ gé okùn náà. Mo gbé omi tuntun síwájú rẹ̀, kò mu. Mo pa eṣinṣin fún un, kò wò ó. Màmá onílé ní kí n jù ú nù kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ni kí n ṣe? Ẹni tó bá sì fẹ́ ní kí n gbé e lọ fún àwọn lékuléja ní ọjà Òkè-Àjẹ́, kó má wulẹ̀ dá mi lóhùn.

ỌmọRẹ́mọ_Ìpẹ́rù | 7:58 àárọ̀

Àǹtí, owó gidi lẹ fẹ́ sọ nù yẹn o 😂😂

Mo kàn ń ṣeré ni. Ẹ má bínú.

Àyànfẹ́_Olúwa | 8:15 àárọ̀

Arábìnrin mi, ẹ ṣọ́ra. Ìyá wa àgbà máa ń sọ pé tí nǹkan yẹn bá tutọ́ síni lójú, ojú ń fọ́ ni. Ẹ fi òróró àdúrà pa ọwọ́ kí ẹ tó fi kàn án.

Ìṣègùn_Ẹranko | 8:51 àárọ̀

Mo wà ní ọdún ìkẹyìn nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbátà, Abẹ́òkúta. Agẹmọ ò lóró, itọ́ rẹ̀ kì í sì í fọ́ ojú ẹnikẹ́ni. Ọṣẹ àti omi ni kí àǹtí máa fi fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, torí irú ẹran yìí máa ń gbé kòkòrò àìsàn tí wọ́n ń pè ní salmonella kiri láìjẹ́ pé ó ń ṣàìsàn. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún má fọwọ́ kàn án rárá.

Àǹtí, òǹgbẹ ló fẹ́ pa á ṣáájú ebi. Agẹmọ kì í sábà mu omi inú abọ́. Nínú igbó, ìrì àti ẹ̀kán òjò tó bá dúró lórí ewé ló ń lá. Omi tó bá dúró jẹ́ẹ́, kò mọ̀ ọ́n lómi. Bí ẹni gbé oúnjẹ síwájú afọ́jú tí kò sọ fún un ni abọ́ yẹn rí.

Ike tí ẹ fi ń fín omi sí aṣọ kí ẹ tó lọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé ẹ ní i. Ẹ fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì má ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka gúáfà tó léwé dáadáa, ẹ tò ó sínú àgò kó rí nǹkan gùn. Kí ẹ wá máa fín omi sí ewé, kì í ṣe sí i lójú, bí ìṣẹ́jú márùn-ún, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ẹ fi sùúrù sí i. Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó ta ahọ́n.

Ẹ má da omi sí i lẹ́nu o. Ojú ihò tó fi ń mí wà nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ níbẹ̀, omi á gbabẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fún un ní mílíìkì, ògì tàbí glúkóòsì.

Ẹ máa wo ìgbẹ́ rẹ̀. Apá tó dúdú ni ìgbẹ́, apá funfun ni ìtọ̀ rẹ̀. Tí funfun yẹn bá pọ́n bí epo, òǹgbẹ ṣì ń gbẹ ẹ́.

Ẹsẹ̀ tí okùn gé: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi omi la povidone iodine (oògùn tí wọ́n fi ń nu ojú egbò) títí á fi rí bí tíì tí kò ki, kí ẹ fi òwú tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì ná. Ẹ má sì máa gbé e kiri fi han àwọn aládùúgbò. Ara dúdú yẹn, ìpayà àti òtútù wà nínú rẹ̀.

BàbáOdògbolú | 9:30 àárọ̀

Ọmọ mi, mo kí ẹ kú àánú. Ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú tiwa níbí, orúkọ tí ò ń pè yẹn kì í ṣe orúkọ eré. Agẹmọ tó jẹ́ òrìṣà, mẹ́rìndínlógún ni a ní, Tami tiwa ní Odògbolú sì ni olórí wọn. Obìnrin kì í fojú kàn án. Ìwọ wá kọ ọ́ síbí pé agẹmọ wà lẹ́yìnkùlé rẹ, o tilẹ̀ fẹ́ máa fín omi sí i.

Kánádà_ṣùgbọ́n_Ìjẹ̀bú | 9:44 àárọ̀

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ná: kì í ṣe èmi ni ọmọ onílé yẹn o! 😅

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, agẹmọ tí wọ́n ń gbé lọ sí Ìmọ̀san yàtọ̀ sí alángbá tó wà nínú àgò. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Àwa la ń dẹ́rù ba ara wa.

BàbáOdògbolú | 10:02 àárọ̀

Ṣé mo ní kì í ṣe ẹranko ni? Mo mọ ìyàtọ̀ wọn kí wọ́n tó bí ẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹnu ọmọ ìlú yàtọ̀ sí ẹnu àlejò. Ẹ pè é ní ọ̀gà, òun náà ni orúkọ rẹ̀, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀.

Aránṣọ_Òde | 10:20 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ má bínú sí mi. Láti òní lọ, Ọ̀gà ni. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń kà á pé ọ̀gà ni o, kì í ṣe ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó ṣe jókòó yìí, ó jọ ọ̀gá tí ọmọṣẹ́ ṣẹ̀.

Bọ̀dá dókítà, mo ti fọ ike. Gúáfà wà nílé kejì wa. Mo ń bọ̀.

AgbẹAdìẹ_Ìlíṣàn | 1:12 ọ̀sán

Kí ló le tó báyìí? Oògùn tetracycline tí a ń bù sómi adìẹ, ẹ fún un ní ẹnu ṣíbí kan. Adìẹ mi tó dákú lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ń kọ báyìí.

Ìṣègùn_Ẹranko | 1:25 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ìwọ̀n ara la fi ń díwọ̀n oògùn. Adìẹ yín wúwo tó kílò méjì, eléyìí lè má tó gíráàmù 50. Ẹnu ṣíbí kan á sin ín.

Ṣùgbọ́n ẹ wúlò fún wa o. Ìrẹ̀ kì í wọ́n lábẹ́ àpò oúnjẹ adìẹ. Ṣé ẹ lè kó díẹ̀ fún àǹtí? Kó má jẹ́ láti ibi tí ẹ ti fín oògùn kòkòrò ṣáá.

AgbẹAdìẹ_Ìlíṣàn | 1:31 ọ̀sán

Ìrẹ̀? Ẹ wá fi ọkọ̀ kó o! Àlejò tí mi ò pè ni wọ́n. N kì í fín nǹkan kan sínú sítọ́ọ̀, adìẹ ń jẹ wọ́n náà.

Aránṣọ_Òde | Túsìdeé, 12 Oṣù Karùn-ún, 9:05 àárọ̀

Ó MU OMI!

Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan, ojú dídì ló fi wà lọ́sàn-án gangan, mo ti ń ro ibi tí máa sin ín sí. Láàárọ̀ yìí mo ń fín omi, apá ti ń ro mí, mo ń wo aago fóònù. Ó pé ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ojú ọ̀tún là, ó yí síwájú, ó yí sẹ́yìn. Ojú òsì ṣì dì. Lẹ́yìn náà ló gbé àgbọ̀n sórí ewé kan, ó ń gbé e sókè sódò bí arúgbó tó ń jẹ gúgúrú. Mo dákẹ́ lọ gbári. Oníbàárà kan wọlé tó fẹ́ wọn ara, mo fọwọ́ sọ pé kó dúró.

Ìgbẹ́ tó yà lẹ́yìn náà, apá funfun rẹ̀ pọ́n bí epo gan-an bí bọ̀dá dókítà ṣe sọ.

Ìṣègùn_Ẹranko | 9:20 àárọ̀

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ má dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ó kan oòrùn wàyí. Láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, ẹ gbé àgò síta. Kì í ṣe ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé o: gíláàsì kì í jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB kọjá, òun sì ni ara rẹ̀ fi ń ṣe fítámì D. Láìsí fítámì D, kò lè lo kálísíọ́ọ̀mù, eegun á máa rọ̀. Ẹ da aṣọ bo ìdajì àgò, kó lè sá síbòóji nígbà tó bá wù ú. Òun fúnra rẹ̀ mọ ìwọ̀n tó tó o.

Kánádà_ṣùgbọ́n_Ìjẹ̀bú | 9:41 àárọ̀

Ẹ gbà á lọ́rẹ, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ní. Alángbá onírùngbọ̀n tó ti ilẹ̀ Australia wá ni ọmọ mi ń sìn níbí. Iná kan fún ooru, iná kejì fún UVB. Iná UVB yìí á ṣì máa tàn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á ti lọ, à ń pààrọ̀ rẹ̀ kí ọdún tó yí. Ẹ̀yin ní oòrùn Ìjẹ̀bú tí NEPA ò lè mú lọ.

ỌmọRẹ́mọ_Ìpẹ́rù | 12:10 ọ̀sán

Àǹtí, ẹ gbé e lé ànkárá aláràbarà kan ká rí i bó ṣe máa yí padà!

Ìṣègùn_Ẹranko | 12:34 ọ̀sán

Kò ní yí sí ànkárá yín. Àwọ̀ tó ń yí, inú rẹ̀ ló ń sọ: ooru, òtútù, ìbínú, ẹ̀rù. Láàárọ̀ ó máa ń dúdú kó lè fa oòrùn mọ́ra. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Geneva tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn kírísítálì tíntìntín kan wà nínú awọ rẹ̀. Bí àyè àárín wọn bá fẹ̀ tàbí tó há, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà á yí àwọ̀. Ẹ fi ànkárá àǹtí sílẹ̀.

Aránṣọ_Òde | Àìkú, 17 Oṣù Karùn-ún, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìlíṣàn fi ìrẹ̀ ránṣẹ́ nínú ike ọ̀rá, lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ọlọ́run á bù kún oko yín. Dírẹ́bà náà ní òun gbọ́ orin títí dé Òde.

Wàhálà tuntun: Ọ̀gà rí ìrẹ̀. Ojú méjèèjì yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà (ẹ wò ó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú méjèèjì wo ibì kan náà!). Ó yanu. Ahọ́n yọ, kò dé ìdajì ọ̀nà, ó sì fà á padà wọlé bí ẹni ìtìjú bá. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí mo wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Apá iwájú òsì náà tẹ̀.

Ìṣègùn_Ẹranko | 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn. Eegun rẹ̀ ti rọ̀. Oṣù mẹ́ta lábẹ́ páànù láìrí oòrùn, kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú eegun ni ara ń yọ́ jẹ. Ahọ́n agẹmọ gùn ju ara rẹ̀ lọ, ẹ ò ka ìrù mọ́ ọn. Eegun kan nínú ẹnu ló ń ta á, iṣan ló ń tì í. Tí eegun àti iṣan bá rọ̀, ọfà kò lè kúrò lára ọrun.

Ẹ se èèpo ẹyin, ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè. Ẹ fi ìrẹ̀ yí nínú rẹ̀. Kí ìrẹ̀ náà sì jẹ ewé mọ̀rìngà fún ọjọ́ kan kí ẹ tó fún un, torí ohun tí ìrẹ̀ jẹ ni Ọ̀gà máa jẹ. Ẹ̀mú kékeré ni kí ẹ fi mú ìrẹ̀ sún mọ́ ọn lẹ́nu, kó má bàa ta ahọ́n jìnnà. Ìrẹ̀ tí kò gùn ju àlàfo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Méjì, mẹ́ta lóòjọ́, ó tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn ẹranko wa. Mo lè kọ lẹ́tà gígùn síbí, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ tẹ eegun rẹ̀ lórí fóònù. Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.

BàbáOdògbolú | 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá!

Aránṣọ_Òde | Àìkú, 24 Oṣù Karùn-ún, 8:30 alẹ́

Ẹ bú mi. Ó tọ́ sí mi.

Lánàá mo fẹ́ gbé aṣọ ẹbí lọ sí Ṣàgámù. Ológbò kan ti ń rìn yí àgò ká, ẹ̀rù bà mí, ni mo bá gbé Ọ̀gà sínú ike ńlá funfun tí a lè rí inú rẹ̀, mo fi ìdérí bò ó, mo dá ihò sí i. Níbòóji ni mo gbé e sí. Mo gbàgbé pé oòrùn ń rìn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró, aago méjì ni mo tó padà. Oòrùn ti bọ́ sórí ike. Ọ̀gà ti funfun bí ẹfun, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, ó ń mí gùlégùlé. Mo kígbe débi pé màmá onílé sáré jáde.

Mo rò ó pé kó má jẹ́ omi tútù. Omi tánkì tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fín sí i lára lábẹ́ igi. Ó tó wákàtí kan kó tó pa ẹnu dé. Kò jẹun lónìí.

Àyànfẹ́_Olúwa | 8:52 alẹ́

Pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Mo ti fi í sínú àdúrà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹranko náà ẹ̀dá Ọlọ́run ni.

Ìṣègùn_Ẹranko | 9:10 alẹ́

N kò ní bú yín. Àwọn tó kàwé nípa rẹ̀ náà ti ṣe é rí. Àgò tí atẹ́gùn ń gbà kọjá nìkan, títí láé. Ẹ gbé àgò kọ́ sókè, ológbò ò ní débẹ̀, ara òun náà á sì balẹ̀, torí agẹmọ fẹ́ràn kó wà lókè ju ẹni tó ń wò ó lọ. Tó bá jẹun lọ́la, ó ti bọ́.

Aránṣọ_Òde | Mọ́ńdè, 25 Oṣù Karùn-ún, 10:02 àárọ̀

Ìrẹ̀ kan. Ó jẹ ìrẹ̀ kan.

Aránṣọ_Òde | Sátidé, 13 Oṣù Kẹfà, 6:15 ìrọ̀lẹ́

A ti lọ sí Àlàbátà. Àgò lórí ẹsẹ̀ mi láti Òde dé Ṣàgámù, láti Ṣàgámù dé Abẹ́òkúta, aṣọ bò ó. Nígbà tí obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé ẹyẹ wo ni, mo ní ọ̀gà ni. Ó ní, “Ọ̀gá ta ni?” Mo ní ọ̀gá tèmi. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Wọ́n wọ̀n ọ́n. Ní oṣù tó kọjá tí mo yá òṣùwọ̀n oníkéèkì àdúgbò wa, gíráàmù 36 ni. Lọ́jọ́ náà, ó jẹ́ 45. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n rí ẹyin aràn, wọ́n fún un ní oògùn aràn tó jẹ́ ẹ̀kán mélòó kan péré, àti kálísíọ́ọ̀mù olómi. Eegun ti ń le padà. Ṣùgbọ́n apá tó tẹ̀ ti jinná sórí títẹ̀ rẹ̀, àgbọ̀n náà ò ní tọ́ mọ́. Ìka ẹsẹ̀ méjì níbi tí okùn gé ti kú. Ó lè gun igi. Ahọ́n rẹ̀ ń dé ibi tó tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta nísinsìnyí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ỌmọRẹ́mọ_Ìpẹ́rù | 6:40 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí, ẹ wá tú u sílẹ̀ sínú igbó báyìí. Ilé rẹ̀ nìyẹn.

Ìṣègùn_Ẹranko | 7:03 alẹ́

Ká ní ara rẹ̀ pé ni, èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀, torí inú igbó ni wọ́n ti mú un. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ọfà rẹ̀ kò kọjá ìka mẹ́ta, ebi ni yóò pa á. Àgò ńlá, igi gidi nínú rẹ̀, òun nìkan. Ẹ má wá èkejì fún un o, ìjà ni wọ́n máa ń bá ara wọn jà.

Aránṣọ_Òde | Túsìdeé, 14 Oṣù Keje, 11:20 àárọ̀

Bàbá Odògbolú, mo kí yín, ẹ kú ọdún agẹmọ. Wọ́n ti kéde pé kí obìnrin má jáde sí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà kọjá lónìí, nítorí náà mo ti ilẹ̀kùn, mo fa kọ́tìnì, èmi àti Ọ̀gà la jókòó. Mò ń rán bùbá, òun ń wò mí pẹ̀lú ojú kan, ó fi èkejì wo ògiri.

BàbáOdògbolú | 2:45 ọ̀sán

Mo rẹ́rìn-ín títí omijé bọ́ lójú mi. Kí ọdún yí padà bá wa o. Kí Ọ̀gà.

Aránṣọ_Òde | Àìkú, 26 Oṣù Keje, 7:30 alẹ́

Ọmọ onílé pè mí lórí fídíò lánàá. Ó ní kí n fi nǹkan òun han òun. Mo fi hàn án. Ó dákẹ́. Ó ní òun fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí n máa fi tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi dé. Mo ní kó fi owó náà ra àgò ńlá, ṣùgbọ́n kó má rò ó pé òun ló ni ín mọ́. Inú rẹ̀ ò dùn. Tèmi náà ò dùn títí mo fi sùn, torí ọmọdé ni, kì í ṣe ìkà.

Àmọ́ nǹkan tí mo fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn. Láàárọ̀ yìí mo jí, mo bá agolo mílíìkì kan lẹ́nu ọ̀nà mi, ọ̀rá ni wọ́n fi dé e lórí, wọ́n fi abẹ́rẹ́ dá ihò sí i. Tata mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Mo bi àbúrò ọmọ onílé, ó ní òun kọ́. Mo bi àwọn ọmọ ilé kejì, àwọn kọ́. Nígbà tí mo ń kọjá lọ sídìí tánkì, màmá onílé ń gbálẹ̀, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní: “Èyí tó gùn jù nínú wọn yẹn, gé e ní ẹsẹ̀ kó tó jẹ ẹ́, ẹ̀gún wà níbẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n Ìlíṣàn, ṣé ìrẹ̀ ṣì máa ń wà lọ́dọ̀ yín nígbà ọyẹ́, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sin tèmi nínú ike láti ìsinsìnyí?